"Òyìnbó ò nílò ìwé": irọ́ ni o, ẹ lọ wo Sípéènì

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìwé, ìyẹn ìwé ìgbélùú, bá ti délẹ̀ láàrin àwa tá a wà ní London yìí, ẹnì kan á ṣáà sọ ọ́ pé àwa dúdú la ń wá ìwé kiri, òyìnbó ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń gbé. Èmi náà ti sọ ọ́ rí, mi ò ní purọ́. Àfìgbà tí ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ wa, òyìnbó pọ́ńbélé, bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ohun tí ojú màmá ẹ̀ rí nítòsí Torrevieja ní Sípéènì kí wọ́n tó fún un ní káàdì ìgbélùú, mo ní háà, èyí mà jọ ìtàn tiwa.

Ibi tí irọ́ yẹn ti wá ò ṣòro mọ̀. Kí Ìlú Ọba tó kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ẹni tó bá ní pásípọ́ọ̀tù wọn kàn máa wọ bàálù ni, á lọ gba ilé ní Benidorm tàbí Fuengirola ní Sípéènì, á ríṣẹ́ sí ilé ọtí, kò sẹ́ni tó máa bi í ní físà. Àwọn kan tiẹ̀ lo ọdún gbọọrọ níbẹ̀ láìforúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àmọ́ ẹ dúró ná: ọmọ Ìjẹ̀bú tó ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba nígbà yẹn ńkọ́? Ẹ̀tọ́ kan náà lòun náà ní. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe àwọ̀.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá 2020 ni fàájì yẹn parí. Àwọn tó ti ń gbébẹ̀ bófin ṣe sọ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró, wọ́n sì ń gba káàdì tí wọ́n ń pè ní TIE, ẹ̀yin ẹ ṣáà wo ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ lédè Sípéènì: káàdì ìdánimọ̀ àjòjì. Àwọn tó ní ẹ́sípáàtì làwọn, pé àwọn kì í ṣe àjòjì o! Àwọn tí ò forúkọ sílẹ̀ ló wá ń sá sókè sá sódò, tí wọ́n ń wá rìsíìtì iná àti ìwé ilé tí wọ́n máa fi jẹ́rìí pé àwọn ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, 90 ọjọ́ ló ní láàrin ọjọ́ 180. Òótọ́ ni pé kò nílò físà fún ìyẹn, àwa tó ní pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò ẹ̀, mi ò ní sọ pé ẹgbẹ́ kan náà ni wá. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ máa gbébẹ̀, físà ń dúró dè é. Ọ̀kan wà tí ò gba kéèyàn ṣiṣẹ́ rárá, lọ́dún 2024 wọ́n fẹ́ kéèyàn fi hàn pé òun ń rí tó 2,400 yúrò lóṣù, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì ìlera, tó bá sì mú ìyàwó dání, owó lé sí i. Kí wọ́n tó wá ríni ní ọ́fíìsì, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, cita previa ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ ò ní sí, àwọn oníjìbìtì á ti kó o pamọ́ tí wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá ti wá ọjọ́ físà rí ní Lagos ò nílò àlàyé.

Àwọn èèyàn tún ní olówó tó ti fẹ̀yìntì ni gbogbo òyìnbó Ìlú Ọba tó wà ní Sípéènì. Rárá. Wọ́n lé ní 250,000 tó forúkọ sílẹ̀, agbègbè Alicante àti Málaga ni wọ́n pọ̀ sí jù, àwọn tó ti lé lọ́mọ ọdún 65 ò sì tó ìdajì. Àwọn oníṣẹ́ iná wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbọ́tí fún èèyàn, àwọn tó ń gbé La Línea tí wọ́n ń sọdá ẹnubodè sí Gibraltar, ìlú tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, lójoojúmọ́ lọ ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìbànújẹ́ ni o. Ní Vera, lágbègbè Almería, tọkọtaya kan tó ti fẹ̀yìntì kọ́lé, ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí i fún wọn, ìjọba àgbà ní Andalucía, ẹkùn tí Almería wà nínú ẹ̀, wá ní ìwé àṣẹ yẹn ò bófin mu, oṣù Kìíní 2008 ni katakata wó o palẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá ọmọ onílẹ̀ jà rí, ẹ bá wọn kẹ́dùn.

Ìwé awakọ̀ náà ńkọ́? Láti oṣù Karùn-ún 2022 di oṣù Kẹta 2023, àwọn tó ń gbé Sípéènì ò lè fi láísẹ́ǹsì Ìlú Ọba wakọ̀ mọ́, nítorí ìjọba méjèèjì ò tíì bára wọn ṣàdéhùn, ẹlòmíì nínú abúlé tí bọ́ọ̀sì ò dé, ó jókòó sílé.

Ibi tí wọ́n ti rí jẹ gan-an ni ti pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni tó bá fẹ̀yìntì sí Sípéènì, pẹ́ńṣọ̀n tí Ìlú Ọba ń san fún un ń lékún lọ́dọọdún nítorí pé àdéhùn wà. Nàìjíríà ò ní irú àdéhùn yẹn, ibi tí owó yẹn bá wà lọ́jọ́ tó o dé ló máa dúró sí títí ayé, ìbáà jẹ́ òyìnbó ni ẹ́ tàbí ọmọ Ìbàdàn tó fi 30 ọdún san owó orí ní Peckham. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé sílé báyìí, ẹ ti ṣírò ìyẹn mọ́ ọn?