Irọ́ ni pé téèyàn bá ti kọ ìwé ìlò lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí

Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé àwa tá à ń kọ áàpù ní Adó-Èkìtì, lójú ọ̀nà Ìwòròkó, ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa bọ̀wọ̀ fún dìde sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ má fi àkókò wọn ṣòfò nídìí documentation. "Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó parí. Kóòdù ni iṣẹ́." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ìkéré, mo ti gbọ́ ọ ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ó sì ti sú mi. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ná àwọn ẹlòmíràn lówó.

Ìwé ìlò ni èmi máa ń pe documentation. Ojú ewé tó ń sọ fún ẹni tó ń kọ áàpù bó ṣe máa lo ohun tí o ti ṣe sílẹ̀ ni: àṣẹ tó máa gbà, kóòdù tó máa kọ, èsì tó máa rí. Àpáta Olósùnta wà ní Ìkéré láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sún. Ilẹ̀ tí áàpù fóònù dúró lé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Android. Ọdọọdún ni Google ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, ọdọọdún náà ni Google Play sì ń gbé ìwọ̀n sókè. Láti 31 oṣù kẹjọ 2024, wọ́n ní áàpù tuntun àti àtúnṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tá a ṣe fún Android 14, ìyẹn API 34, nọ́ńbà tí àwọn tó ń kọ áàpù fi ń pe ẹ̀dà yẹn. Nígbà tó fi máa di 31 oṣù kẹjọ 2025, ó ti di Android 15, API 35. Ẹni tí kò bá ṣe é, wọn ò ní gba àtúnṣe rẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ẹni tó ń ka ìwé rẹ ò lè dúró síbi tí ìwọ dúró sí lọ́jọ́ tó o kọ ọ́, kódà bó bá wù ú.

Mo fẹ́ kí ẹ wo òdo kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báyìí ni ojú ewé púpọ̀ ṣe kọ́ wa láti sọ ohun tó máa ṣí béèyàn bá tẹ ìfilọ̀: PendingIntent.getActivity(context, 0, intent, 0). Òdo tó kẹ́yìn yẹn ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí Android 12 dé, áàpù tá a bá ṣe fún un, ìyẹn API 31, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba bóyá FLAG_IMMUTABLE ni (áàpù mìíràn ò lè yí i padà) tàbí FLAG_MUTABLE (ó lè yí i padà). Ẹni tó bá fi òdo sílẹ̀, tí áàpù rẹ̀ bá ti dé ìlà yẹn, áàpù náà kú nìyẹn. Ọdún yẹn kan náà ni android:exported, ìlà tó ń sọ bóyá áàpù mìíràn lè ṣí apá kan nínú áàpù rẹ, di dandan: bó ò bá kọ ọ́ síbi tó yẹ, áàpù ò ní wọ orí fóònù tó ń lo Android 12 sókè rárá. Ẹni tó kọ ìwé ò ṣe ohunkóhun. Ó sùn, ó jí, ìwé rẹ̀ ti di irọ́, kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Kí ẹni tó bá sọ pé ìwé ìlò máa ń parí kọ́kọ́ ṣàlàyé òdo yẹn fún mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyí. Ní 2022 mo kọ áàpù fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ìyá tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ ní Ìkéré. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: kó kọ owó tí wọ́n dá sílẹ̀, kó ṣírò owó tí wọ́n yá, kó sì fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù tí ọjọ́ àtisan bá ku ọ̀la. Fún ìfilọ̀ yìí, mo lo ohun èlò ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ. Bí ìwé ìlò wọn ṣe wí ni mo ṣe é: mo mú server key, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tá a fi ń ráyè fi ìfilọ̀ ránṣẹ́, láti Firebase, ohun èlò Google fún àwọn tó ń kọ áàpù, mo lẹ̀ ẹ́ síbi tí wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ sí. Ó ń ṣiṣẹ́ geere.

Ní oṣù kẹfà 2023, Google kéde pé ọ̀nà àtijọ́ tá à ń gbà fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ máa kógbá sílé. Ọ̀nà tuntun, HTTP v1, ò lo server key. Tókìn, ìyẹn àmì ìwọlé tí kì í pẹ́ kú, ló ń lò, torí pé server key kì í kú fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sì jí i lè máa fi ìfilọ̀ ránṣẹ́ lórúkọ rẹ. Ní oṣù keje 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀nà àtijọ́. Oṣù mẹ́tàlá gbáko! Ní gbogbo àkókò yẹn, ìwé ìlò ilé-iṣẹ́ tí mo wí ò yí ìlà kan padà. Ohun tó dùn mí jù ni pé kóòdù wọn ti gba ọ̀nà tuntun kí ọjọ́ tó pé. Mo rí i lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ṣe kóòdù, wọ́n fi ìwé sílẹ̀.

Ìfilọ̀ dáwọ́ dúró. Àwọn ìyá ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀. Ọjọ́ àtisan kọjá lórí àwọn mọ́kànlá nínú wọn, ẹgbẹ́ sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ìyá Alága pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì: "Ọmọ mi, ṣé o ti gbàgbé wa ni?" Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi wá àṣìṣe nínú kóòdù ara mi. Kò sí. Ní alẹ́ kẹta ni mo lọ ka ìwé Google fúnra rẹ̀, tí ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe kẹ́yìn máa ń wà nísàlẹ̀ ojú ewé, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi rí i. Àpò mi ni mo ti san owó ìtanràn àwọn ìyá náà padà.

Èmi nìkan kọ́ ló ṣe. GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó kóòdù wọn sí, ṣe ìwádìí ní 2017 láàárín àwọn tó ń lo kóòdù tá a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé àti àwọn tó ń kọ ọ́. 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ń bá ìwé ìlò tí kò pé tàbí tó ti gbó pàdé. Nínú àwọn tó ń kọ ọ́, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn kì í sábà fọwọ́ kan ìwé ìlò, tàbí pé àwọn kì í fọwọ́ kàn án rárá.

Wọ́n á ní kóòdù tó dára ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Kóòdù ilé-iṣẹ́ yẹn dára, ó sì dákẹ́. Wọ́n á ní YouTube wà, AI wà. Níbo ni AI ti kọ́ ohun tó mọ̀, bí kò ṣe lójú ewé tá a pa tì? Wọ́n á ní àyè ò sí. Alẹ́ mẹ́ta mi ńkọ́?

Ó dáa, mo gbà pé apá kan wà tí kì í tètè gbó, bí ìdí tá a fi ṣe áàpù náà àti ìdí tá a fi yan ọ̀nà kan tá a fi òmíràn sílẹ̀. Ìyẹn ò ju ojú ewé kan sí méjì lọ.

Lọ́dọ̀ mi báyìí, ibì kan náà ni ìwé àti kóòdù ń gbé. Ẹni tó bá yí kóòdù padà tí kò yí ìwé, mi ò ní gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ dán àwọn àpẹẹrẹ inú ìwé wò kí wọ́n tó jáde. Mi kì í pa ojú ewé tó ti gbó rẹ́, torí àwọn èèyàn ṣì ń gba ibẹ̀ wọlé. Òkè rẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí pé ó ti gbó, àti ibi tí tuntun wà. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù lójú mi ni pé mo máa ń gbé ìwé náà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, màá jókòó tì í, mi ò sì ní la ẹnu. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan dúró níbi ìgbésẹ̀ kẹrin. Mo ti kọ ọ́ pé kó tẹ bọ́tìnì kan tí wọ́n ti gbé kúrò níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ló fi ń wá a, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, bọ̀dá, èmi ni kò yé." Èmi ni mo jẹ̀bi, òun ló ń tọrọ àforíjì. Ó ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ìlò tí ẹ kọ ní 2020, tí àwọn ọmọ Adó ṣì ń pín fún ara wọn, òun ni mo fi kọ áàpù àkọ́kọ́ mi, mi ò sì lè gbàgbé oore yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ní kí wọ́n kọ jcenter() sínú build.gradle, bẹ́ẹ̀ oṣù kejì 2021 ni JFrog, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ti kéde pé àwọn ń ti JCenter, ibi tí áàpù ti ń kó kóòdù àwọn ẹlòmíràn. AsyncTask, ọ̀nà àtijọ́ tí áàpù ń gbà ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ, láti Android 11 ni Google ti ní ká má lò ó mọ́. Ìlà mẹ́rìnlá ni mo tún ṣe níbẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́ àná. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbà á wọlé.