Àtúnṣe: Omidùn kò lè rọ́pò oògùn òtútù àyà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé kí ẹni tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀ pa oògùn apakòkòrò tì, kí ó máa mu omidùn, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí inú ìfun ni ó ń wo ẹ̀dọ̀fóró sàn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, pé ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró ní ohun tí ó pa wọ́n pọ̀, ẹ kàn fà á gùn jù ni. Àwọn olùwádìí ti rí i pé nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan lára àwọn aláìsàn tí ó ń fi ẹ̀rọ mí, kòkòrò tí ìfun jẹ́ ilé rẹ̀ a máa wà, ara irú wọn kì í sì í tètè yá. Síbẹ̀, pé nǹkan méjì jọ ń rìn kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021, wọ́n fún àwọn kan lára aláìsàn tí ó lé ní 2,600, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mí, ní kòkòrò aṣaralóore, tí ó bá ti inú omidùn tan, ṣùgbọ́n òtútù àyà tí ẹ̀rọ ń fà kò dín kù. Èmi náà ń ra omidùn lọ́wọ́ ìyá ológì ní Òjé, ní Ìbàdàn, àgbo ni mo ń fi í rẹ. Ẹni tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bí ó ti ń mí, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.