Tìránsífà Tí Kì Í Wọlé

Ẹ kú ìfaradà, ẹ̀yin tí ẹ ní àna tó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọkọ àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ó ti ra fìlà, ó ti ra bàtà tó ní èékánná nísàlẹ̀, ó ra ìbọ̀wọ́ funfun kan ṣoṣo fún ọwọ́ òsì, àti igi ìgbá-bọ́ọ̀lù 14, torí òfin kò gbà kí ó ko ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ pápá. Ká ní òfin gbà ni, ogójì ni ìbá rà. Bọ́ọ̀lù tí gbogbo ìnáwó yìí wà fún kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ. Ti ikùn tó ń bọ̀ wá gbá a, ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Sátidé tó kọjá, a ń sọ ọmọ lórúkọ ní Bódìjà. Abọ́ omi wà nílẹ̀, àwọn àgbà ń sọ owó sí i, wọ́n ń pe ọmọ. Ó kan àna mi. Dípò kí ó sọ tiẹ̀, ó fa agboòrùn ìyá àgbà yọ lára ògiri, ó ní kí a wá wo “wéètì tìránsífà” tí kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ òun. Ara á kọ́kọ́ dúró dọ́gba lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí igi bá lọ sẹ́yìn, ìwọ̀n ara á bọ́ sí inú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Bí igi bá ń bọ̀ wálẹ̀, ìbàdí òsì ni yóò ṣíwájú, ọwọ́ á tẹ̀lé e. Tó bá parí, ẹsẹ̀ òsì ló ru gbogbo ẹrù, gìgísẹ̀ ọ̀tún ti gbéra, ìdodo kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù gbà lọ.

Ó yé mi yékéyéké. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Torí ó dúró bẹ́ẹ̀. Gìgísẹ̀ lókè, agboòrùn lẹ́yìn ọrùn, ojú ń wo àjà bí ẹni pé bọ́ọ̀lù kan ti ń fò lọ sí Mọ́níyà. Ó ní kóòṣì ní kí òun ka ení, èjì, ẹ̀ta kí òun tó mì. Onífọ́tò ní fíláàṣì kò tàn, ó tún un ṣe. Ìyá àgbà béèrè bóyá pajápajá ló mú un, wọ́n ti ń wá Àbóníkì nínú pọ́ọ̀sì. Ọmọ tuntun figbe ta, àna mi dúró. Ìrẹsì dé, àna mi dúró. Wọ́n ṣe àmín ìkẹyìn, ẹsẹ̀ òsì yẹn ṣì ru ú. Ìgbà tí gbogbo wa jókòó tán ni mo rí i pé kọ́bọ̀ rẹ̀ kò kan omi.

Ẹ yẹ WhatsApp àwọn ọ̀gá yín wò. Gìgísẹ̀ ọ̀tún gbogbo wọn ló wà lókè nínú fọ́tò. Fọ́tò bọ́ọ̀lù kò sí níbẹ̀, torí bọ́ọ̀lù ò kúrò lójú kan. Gary Player ará Gúúsù Áfíríkà tó gba ife ńlá 9, tó bá gbá tirẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń gbé tẹ̀lé bọ́ọ̀lù, á máa lọ. Kí lẹ̀yin wá ń dúró dè? Ẹ ò nítìjú ni?

Inú ń bí mi, mo mọ̀. Mo ti ṣe kádì rí, ọmọ tó ń ru báàgì igi fún ọ̀gá, láyé ìgbà tí ojú ihò tí bọ́ọ̀lù ń wọ̀ kò tíì ní koríko, tó jẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi epo pò ni, tí àwa ọmọdé ń fà á kí ó dán kí ọ̀gá tó gbá bọ́ọ̀lù sí i. Mo ru báàgì ọ̀gá kan yíká gbogbo ihò 18. Bí igi rẹ̀ bá lọ sẹ́yìn, ara rẹ̀ á lọ síwájú. Bí igi bá dé iwájú, òun á fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò. Bọ́ọ̀lù wọgbó. Ó ní mímí tí mo mí ló fà á. Ó yọ owó bọ́ọ̀lù nínú owó mi, ó ní kí n wá gba ìyókù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì bọ̀.

Lónìí àwọn ọ̀gá wá mọ tìránsífà. Ti ara wọn ń wọlé wẹ́rẹ́. Ti kádì tó dúró lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́ ńkọ́? “Mo ti fi ránṣẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.” Olóúnjẹ ìsọmọlórúkọ yẹn ti ń pè mí láti àárọ̀, torí àna mi ló ní òun á san owó kúlà méjì. Mo pè é. Ó ní òun wà ní pápá, kí n ṣe sùúrù, òun ò tíì ka ẹ̀ta.