Ẹ Jẹ́ Ká Ka Òfin Náà Ká Tó Nawọ́ Sí I

Ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi ní Kàbbà, okun o. Inú ń bí mi, mi ò sì lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tu itọ́ funfun jáde. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún wa pé àwọn ń tún ìwé òfin ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ṣe. Ìpàdé tó kọjá ni wọ́n wá gbé e dé. Akọ̀wé dìde, ó ń fi òyìnbó kà á lọ wìrìwìrì bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, kò sì tíì jókòó tán tí alága fi ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́. Àwọn èèyàn nawọ́! Mo bi ẹni tó jókòó tì mí pé kí ni wọ́n kà nípa owó, ó ní òun ò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè bó ṣe ń dá mi lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, irú kí lèyí?

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo lòdì sí àtúnṣe. Ìwé ti tẹ́lẹ̀ ti gbó. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi, pínnì ara rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹnìkan fi báírò fagi lé owó oṣooṣù, ó kọ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹlòmíràn tún wá fagi lé ìyẹn náà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ní kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa bá NEPA sọ̀rọ̀. NEPA tó ti di PHCN láti ọdún 2005, tí ìjọba sì ti tà á fáwọn aládàáni ní 2013! Àwọn AEDC, ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń pín iná, ló ń mú bíìlì iná wá fún wa báyìí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ nípa gọ́tà, kò sí nípa tiransifọ́mà tá a dáwó tún ṣe, kò sì sí nípa owó ọlọ́dẹ.

Owó ọlọ́dẹ yìí gan-an ló ń dùn mí. Gbogbo wa la mọ bí àyà wa ṣe já nígbà tí wọ́n kọlu ọgbà ẹ̀wọ̀n Kàbbà lóru ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, tí ẹlẹ́wọ̀n 240 sá jáde. Ìbẹ̀rù ìyẹn, àti ti àwọn ajínigbé tó ń dá èèyàn lọ́nà, ló mú ká máa dáwó fáwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru. Onílé ń dá a, ayálégbé ń dá a, ìyá tó ń ta àkàrà létí títì ń dá a. A ò kùn, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àmọ́ ta ló ti rí ìṣirò owó náà rí? Bá a bá béèrè, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ààbò kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba. Iye ọdẹ àti ibi tí wọ́n ń dúró sí, ẹ fi ìyẹn bò, mo gbà. Iye tó wọlé àti iye tó jáde ńkọ́? Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi níwájú ilé mi pé wọ́n ń jẹ àwọn lówó.

Mo bẹ akọ̀wé títí kó tó jẹ́ kí n fi fóònù ya ojú ewé díẹ̀ nínú ìwé òfin tuntun náà. Mo kà á nílé, orí mi gbóná. Wọ́n ní àwọn olóyè nìkan ló láṣẹ lórí “owó àkànṣe”, ayẹ̀wéwò kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ọdún méjì tí olóyè ń lò, wọ́n ti sọ ọ́ di márùn-ún, àwọn tó wà lórí àga lónìí ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ìpàdé tó lè ṣòfin, wọ́n yọ ọ́ dànù: iye tó bá ṣáà wá ti tó.

Ti àwọn opó ló wá bí mi nínú jù. Gbogbo ohun tí wọ́n yí padà, wọn ò fọwọ́ kan ibi tó ní ẹni tórúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ilẹ̀ nìkan ni onílé. Màmá kan wà ní òpópónà wa tí ọkọ wọn ti kú. Àwọn ni wọ́n ń san gbogbo owó ẹgbẹ́, àwọn náà ni wọ́n ra sìmẹ́ǹtì tá a fi dí kòtò iwájú ilé wa. Wọ́n nawọ́ ní ìpàdé pé àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí àbúrò bàbá wá sọ ọ́.” Abújá ni àbúrò bàbá ń gbé! Màmá jókòó. Alága ò fọhùn, kò sì sẹ́ni tó bá onítọ̀hún wí.

Ẹgbẹ́ wa ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀. Apá F òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lọ́dún 2020, ló de irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń dìbò tún òfin wọn ṣe, CAC sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó múlẹ̀. Ìwé tá ò kà, ìbò wo la fẹ́ sọ pé a dì lé e lórí?

Ẹ̀gbọ́n wa alága, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ tẹ ìwé náà, ẹ pín in láti ilé dé ilé ṣáájú ìpàdé, ní Yorùbá, káwọn bàbá àti màmá wa lè kà á fúnra wọn. Ẹ jẹ́ ká dìbò ní abala kọ̀ọ̀kan, ká gba èyí tó dáa, ká da èyí tí ò dáa nù. Ẹ kọ orúkọ àwọn opó sínú ìwé onílé. Lọ́wọ́ tó wà yìí, ìwé ìtakò ti wà nílé mi, àwọn kan sì ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i kó yà wá kó tó lọ sí CAC.