Ìjọba Méjì Lórí Ọmọ Kan

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń tọ́mọ ní òkè òkun, mo kí yín kú ìrọ́jú, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tí ẹ kò tíì fojú kan oorun láti àná. Èmi ni Bàbá Simi. Iṣẹ́ tí ó wà lórí ìwé owó oṣù mi ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an, láti ọjọ́ tí Simisọ́lá ti dé sí ọwọ́ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ni iṣẹ́ ikọ̀ láàrin ìjọba méjì. Ìjọba kìíní ń bẹ ní Nàìjíríà. Ìyá mi ni olórí rẹ̀, orí WhatsApp ni wọ́n sì ti máa ń pàṣẹ. Ìjọba kejì ni ti nọ́ọ̀sì tí wọ́n máa ń rán wá sí ilé ọlọ́mọ tuntun níbí, ẹni tí ó máa ń wọn ọmọ, tí ó máa ń bi ìyá ọmọ léèrè bí ọkàn rẹ̀ ti rí, tí ó sì máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pupa kan tí a kò gbọdọ̀ sọ nù. Èmi ni mò ń gbọ́ ti ìhín, tí mò ń gbọ́ ti ọ̀hún, tí mo sì ń dá àwọn méjèèjì lóhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bí ẹ ṣe wí gan-an ni a ó ṣe é." Màmá Simi kì í bá mi dá sí i. Ó ní òun ti bímọ tòun, kí èmi náà wá nǹkan ṣe.

Orí oorun ni ogun ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òfin nọ́ọ̀sì ni pé ẹ̀yìn ni kí ọmọ máa fi lélẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá ń sùn, lórí ibùsùn tirẹ̀, láìsí ìrọ̀rí, láìsí aṣọ tí ó nípọn, láìsí ohun ìṣeré kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wa títí yóò fi pé oṣù 6, kí yàrá náà má sì gbóná ju ìwọ̀n 20 lọ, kí ó má sì tutù ju 16 lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà o. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í polongo fífi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ níbí ni iye àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń kú lójijì lójú oorun ti wálẹ̀ gidigidi, nítorí náà n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni nínú yín gbìyànjú kí ó ṣàlàyé ìwọ̀n 16 fún ìyá àgbà tí ó wà ní Nàìjíríà. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè bóyá ọmọ ni a ń tọ́jú sínú yàrá náà ni àbí ẹja. Nígbà tí wọ́n rí ibùsùn onígi tí a tẹ́ ẹ sí, wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ní tòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ-ọmọ àwọn ṣẹ̀?

Ikọ̀ kì í sọ òótọ́ tí ó lè dá ogun sílẹ̀. Bí fóònù bá ti dún, tí mo sì rí àwòrán Màámi lójú rẹ̀, n ó yára gbé Simi dìde, n ó dé fìlà onírun kan fún un, n ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, Màámi yóò sì rí i pé òtútù kò ní pa ẹ̀jẹ̀ àwọn. Bí wọ́n bá ti ṣàdúrà tán, tí wọ́n sì pa fóònù, n ó ṣí fìlà náà kíá, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ pé ọmọ kò gbọdọ̀ dé fìlà sùn nínú ilé, kí ara rẹ̀ má baà gbóná jù. Fìlà WhatsApp ni a ń pe fìlà náà. Dídé àti ṣíṣí ni ó gbó o. Simi kò tíì fi sùn rí.

Ọmọ tí a ń tìtorí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí kò sì tẹ̀ lé òfin ẹnikẹ́ni, ojú ọjọ́ ìlú yìí sì ń gbè é lẹ́yìn. Ní oṣù June, aago 9 alẹ́ ti máa ń kọjá kí oòrùn tó wọ̀, kì í sì í tó aago 5 ìdájí kí ó tó tún yọ. Bí mo bá wí fún Simi pé ilẹ̀ ti ṣú, yóò wo fèrèsé, yóò wá wo èmi, mo sì mọ̀ pé mo ti tẹ́ lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí a ra aṣọ dúdú tí ó nípọn sójú fèrèsé ni oṣù October dé. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù náà, ìjọba tí ń gba owó orí wa máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí 1, òru ọjọ́ náà a sì gùn sí i. Àwọn àpọ́n tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa máa ń fi ayọ̀ retí rẹ̀. Simi, tí ó ti máa ń jí ní aago 5, kò gbọ́ ìkéde kankan. Aago 4 ni ó jí, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo wá fi sùúrù dúró de oṣù March tí wọ́n máa ń gba wákàtí náà padà, nítorí ó ti tún padà sí aago 5 nígbà náà, mo sì ti ṣírò rẹ̀ pé aago 6 ni yóò kù sí. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi kọ́ aago tuntun, tí ó sì padà sí aago 5 rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru wá mọ òfin ìlú jù mí lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí apá rẹ̀ kò ká ni ọ̀já. Bí a bá ti pọ̀n ọ́n, tí a sì rìn díẹ̀, oorun á gbé e lọ. Ọ̀sẹ̀ 2 péré ni òfin ibí fún bàbá ọmọ láti dúró nílé lẹ́yìn ìbímọ, nítorí náà bí mo ṣe ń ṣe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀gá mi lórí kọ̀ǹpútà ni Simi ń sùn ní ẹ̀yìn mi, tí mò ń mi ara mi sọ́tùn-ún sósì, tí mo sì ń sọ̀rọ̀ nípa èrè ìlàjì ọdún. Mo máa ń pa kámẹ́rà. Mo ti sọ fún wọn pé íntánẹ́ẹ̀tì àdúgbò wa kò lágbára.

Ìgbà tí ó yá ni ọ̀rọ̀ eyín dé. Ní ìjọba Màámi, kò sí ohun tí ó lè ṣe ọmọ ọwọ́ tí kì í ṣe eyín. Bí Simi bá wúkọ́, eyín ni. Bí ó bá sunkún, eyín ni. Bí ó bá yàgbẹ́ jù, eyín ni. Bí kò bá yà á rárá, eyín náà ni, ó ń múra ni. Mo sọ fún wọn ní ọjọ́ kan pé ẹ̀yìn ń dun èmi fúnra mi, wọ́n sì ronú sí i títí tí àyà mi fi já. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ sọ pé nǹkan bí oṣù 6 ni eyín àkọ́kọ́ sábà máa ń yọ, pé àwọn kan máa ń hù ú kí wọ́n tó pé oṣù 4, tí ti àwọn mìíràn a sì kọjá ọdún 1, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè pọ́n, kí itọ́ sì máa dà, ṣùgbọ́n pé eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, àti pé bí ara ọmọ bá gbóná tó ìwọ̀n 38, àìsàn ni kí a kà á sí. Ó ní kí a fún un ní rọ́bà tí a ti gbé sínú fíríìjì jẹ, kí a má gbé e sínú èyí tí ń di yìnyín.

Màámi rán oògùn eyín kan sí wa nípasẹ̀ ẹnì kan tí ń bọ̀. Níbí nìkan ni iṣẹ́ ikọ̀ mi ti dópin. Ní ọdún 2008, oògùn eyín olómi kan tí wọ́n po májèlé mọ́ pa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ó lé ní 80 ní Nàìjíríà, n kò sì lè ṣe ìtẹ́lọ́rùn ẹnikẹ́ni lórí irú rẹ̀. Mo sọ fún Màámi gbangba pé a kò ní í lò ó. Wọn kò bínú. Wọ́n ní àwọn náà rántí ọdún náà, pé ẹni tí ó tà á fún àwọn ni ó fi Ọlọ́run búra.

Eyín náà yọ nígbà tí ó wù ú, ní ìsàlẹ̀, ẹyọ kan. Màámi ní, "Ṣé mo wí?" Wọ́n sì ti ń wí i láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní oṣù 3. Ọmú ìyá rẹ̀ ni Simi ti kọ́kọ́ dán an wò, igbe tí Màmá Simi ké sì mú kí àwọn àpọ́n ìsàlẹ̀ kan àjà wọn.

Nígbà náà ni a gbé oúnjẹ kalẹ̀. Òfin nọ́ọ̀sì ni pé bí ọmọ bá ti tó nǹkan bí oṣù 6, tí ó lè jókòó, tí ó lè gbé orí dúró, kí a máa fi oúnjẹ rírọ̀ sí iwájú rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un, láìsí iyọ̀, láìsí ṣúgà, kí oyin má sì kan ẹnu rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 1, nítorí kòkòrò kan lè wà nínú oyin tí yóò máa ṣe májèlé nínú ìfun rẹ̀. Ní ti oyin, mo ti ja ìjà náà tipẹ́. Ní ọjọ́ ìkómọ, tí Màámi ń wò wá láti orí fóònù, tí wọ́n sì ń wúre pé ayé Simi yóò dùn, mo ti ìka bọ oyin, mo yí ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, mo sì bá ọmọ mi lá a.

Ṣùgbọ́n pé kí ọmọ máa bọ́ ara rẹ̀ kò yé Màámi rárá. Wọ́n ní ẹni tí kò tíì mọ ibi tí ẹnu òun wà, ṣé òun ni yóò gbé oúnjẹ débẹ̀? Wọ́n ní àwọn rọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ẹ̀kọ, àtẹ́lẹwọ́ ni àwọn fi bo ẹnu wa, gbogbo wa ni a sì gbó. Kò sí èsì tí mo lè fún wọn, nítorí èmi ni ẹ̀rí tí wọ́n ń tọ́ka sí.

Nọ́ọ̀sì wá wo bí oúnjẹ ti ń lọ ní ọjọ́ kan tí fóònù Màámi ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Màámi ní, "Bi í kí o gbọ́, ọmọ mélòó ni òun náà ti tọ́?" Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo ní ìyá mi ń dúpẹ́ iṣẹ́ takuntakun tí ó ń ṣe. Nọ́ọ̀sì ní kí n jọ̀wọ́ ṣàlàyé fún wọn pé fífi tipátipá rọ ọmọ léwu, nítorí ó lè há a lọ́fun. Mo yíjú sí fóònù, mo ní, "Màámi, ó ní kò sí irú yín." Bí mo ṣe ń ṣe ògbufọ̀ yìí ni Màámi, tí wọ́n fi iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fẹ̀yìn tì, ń wò mí lójú. Wọ́n jẹ́ kí n ṣe é tán. Wọ́n wá kí nọ́ọ̀sì náà ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ ju tèmi lọ, wọ́n ní kí ó má bínú, pé láti kékeré ni ọmọ àwọn ti máa ń bá àwọn ènìyàn purọ́ àlàáfíà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Kí nọ́ọ̀sì tó mu omi tí a gbé fún un tán, wọ́n ti fẹnu kò pé ìṣòro ilé náà kì í ṣe oorun, kì í ṣe oúnjẹ, bàbá ọmọ ni kò dìde tó ní òru. Simi, tí ó ti ju oúnjẹ ìjọba méjèèjì sílẹ̀, ń jẹ etí ìwé pupa lọ ní tirẹ̀.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni iṣẹ́ Màmá Simi pè é padà. Òfin fi àyè ọ̀sẹ̀ 52 sílẹ̀ fún ìyá ọmọ láti dúró nílé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 39 ni owó fi ń wọlé, onílé wa kò sì mọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ 13 tí ó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ọmọ máa mu ọmú títí ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àjọ náà kò bá ọ̀gá Màmá Simi sọ ọ́. Màámi ní kí a fi omi ewúro pa ojú ọmú, pé ọmọ kì í padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nọ́ọ̀sì ní kí a máa gé e kù díẹ̀díẹ̀, kí ọmú má baà le, kí ó má sì máa dun ìyá. Màmá Simi kò bi èmi léèrè. Ó gé ti ọ̀sán, ó fi ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́ sílẹ̀, ó sì ní ẹni tí ó bá tún mú ewúro sún mọ́ òun yóò jẹ ẹ́.

Ó ku ibi tí ọmọ yóò wà. Láti oṣù September ọdún 2025, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó ìtọ́jú wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún, fún ọmọ àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Mo ka ìròyìn náà, mo bú sí ijó. Màmá Simi ka ìyókù rẹ̀, ó ní kí n jókòó, nítorí ó wà lára fíísà wa pé a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó ìlú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ilé ìtọ́jú ọmọ dá owó lé wa, mo béèrè bóyá èmi náà lè máa wá sùn níbẹ̀. Wọ́n ní òfin ni pé kí àgbàlagbà 1 máa mójú tó ọmọ 3 tí kò tíì pé ọdún 2, èmi yóò sì ba ìṣirò wọn jẹ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fi ìròyìn ránṣẹ́ sí fóònù wa pé Simi jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó sì sùn fún wákàtí 2 láìjí. Màmá Simi kà á, ó fi hàn mí, mo kọ lẹ́tà sí wọn pé kí wọ́n jọ̀wọ́ tún wo ọmọ náà dáadáa, kí wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́.

Inú dídùn náà kò pẹ́. Wọ́n pè wá pé Simi ti ń yàgbẹ́ gbuuru, kí a wá mú un, kò sì gbọdọ̀ padà wá títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tí ó bá yà kẹ́yìn. Màámi ní kí n sọ fún wọn pé eyín ni. Mo sọ ọ́. Wọ́n ní wákàtí 48 ni. Màmá Simi wo ojú mi, mo wo ojú rẹ̀, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé síṣẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Simi ṣe lo òru ọjọ́ náà pọ̀, tí a kò sì sùn. Nígbà tí ìpàdé òwúrọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó wà ní ẹ̀yìn mi, tí ohùn mi kò jáde mọ́, ọ̀gá mi béèrè ohun tí ó ń ṣe mí. Ẹnu mi kò gbé ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ní, "Eyín ni, sà."

Ọ̀gá mi kẹ́dùn gidigidi. Ó ní òun náà ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, pé kí n pa kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀, kí n lọ rí dókítà eyín, kí n má sì padà wá títí di ọ̀la. N kò já a níyàn. Ní ọjọ́ kejì, ó béèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá wọ́n ti bá mi yọ ọ́. Mo ní rárá o, òmíràn ni ó tún ń hù.