Ìyàwó sójà tó sọnù: ta ló ní kó dìde?

Níbi ayẹyẹ ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun, wọ́n ní kí obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà tó sọnù dìde lórí àga iwájú, pé àwọn opó nìkan ni wọ́n tò síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé. Ó dìde, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ dúró lẹ́yìn kánópì. Bàbá arúgbó kan, sójà fẹ̀yìntì, ló lọ bá wọn níbẹ̀. Ó tú bájì ìrántí tó wà láyà kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ aṣọ ọmọ náà, ó nà ró ṣánṣán, ó sì kí wọn ní kíkí sójà. Lẹ́yìn náà ló gbé àga tirẹ̀ fún ìyá ọmọ.

Àwọn aláṣẹ tó ṣètò ayẹyẹ ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ náà ti fèsì pé ìlànà làwọn tẹ̀ lé. A gbọ́. Ìlànà yẹn gan-an la ti ń bá fà á láti ọjọ́ yìí.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tó bá kú, wọ́n á sin ín, opó á ṣọ̀fọ̀, ọjọ́ á pé, á bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sílẹ̀. Ìyàwó ẹni tó sọnù kò rí ọ̀fọ̀ ṣe. Fóònù dún lóru, àyà rẹ̀ já. Ta ló ń san owó oṣù ọkọ rẹ̀, títí di ìgbà wo? Ta ló yẹ kó wá bá ìyá sójà náà nílé, kó jókòó, kó sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún un? A ti bi wọ́n léèrè títí, ìwúre àti ọ̀rọ̀ ìdánilárayá ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn.

Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 164, sọ pé bí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹnì kan kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, ilé ẹjọ́ lè kà á sí òkú. Ìyẹn dára fún ẹjọ́ ogún. Àmọ́ ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà tí wọ́n kọlu àgọ́ sójà ní Mẹtẹlẹ, ní Borno, ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí ọdún 7 yẹn tó pé. Kí ló fẹ́ máa jẹ?

A ò sì sọ pé kí wọ́n yára pe ẹni tó sọnù ní òkú o. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, sọnù lógun Bọ́mà lọ́dún 1944. Ìbọn ti fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ará abúlé kan ló fi í pamọ́ fún nǹkan bí oṣù 9. Ó padà wálé, ọdún 2012 ló tó kú. Nítorí náà, kí wọ́n má sìnkú ẹni tí wọn ò rí, kí wọ́n má sì tìtorí pé wọn ò rí òkú kí wọ́n fi ebi pa ará ilé rẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ló gbà: orúkọ, nọ́ńbà iṣẹ́, ibi tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn, ọ̀gá tí ẹbí lè pè, kí owó oṣù sì máa wọlé títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀.

Ọdọọdún ni wọ́n ń gbé òdòdó síwájú ère sójà tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí a wá mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́, tí a mọ ìwọ̀n ẹ̀wù rẹ̀, tí a mọ̀ pé ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2021 ni rédà kò rí bàlúù ogun Alpha Jet rẹ̀ mọ́ ní Borno? Ẹ̀yin aláṣẹ, ìwé wo lẹ kọ ọ́ sí? Ẹ fi hàn wá!

Ọdún kan gbáko ló wà níwájú kí wọ́n tó tún tú ẹyẹlé funfun mìíràn sílẹ̀ níbi ayẹyẹ náà. Ìwé yẹn kò gba ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣí. Àga oníke tí wọ́n háyà ni wọ́n sì ń ṣe ahun rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òró ni bàbá arúgbó yẹn wà títí ayẹyẹ fi tú ká.