AC ní 16 kì í dín owó iná kù o
Òkun o, ẹ̀yin ará Kàbà àti Ìsánlú. Èyí tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé kéèyàn gbé AC sí 16 kí yàrá lè tètè tutù kí yúníìtì má baà jó, irọ́ ni. AC tí kì í ṣe inverter (ìyẹn irú AC tó máa ń rọra dín iṣẹ́ ẹ̀ kù bí yàrá bá ti ń tutù), bákan náà ló ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ 16 tàbí 25, àmọ́ tó bá ti dé 25 á sinmi, 16 yẹn ńkọ́, nínú ooru oṣù kẹta, lábẹ́ páànù tó ti yá oòrùn látàárọ̀, bóyá ló máa débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, mítà á kàn máa kà lọ ni. Ẹ fi sí 25, kẹ́ ẹ tan fáànù mọ́ ọn, bíi wáàtì 70 péré ni fáànù ń jẹ. Ẹ sì fọ fílítà jàre, eruku ọyẹ́ ṣì wà níbẹ̀.